Hoogovens, Corus, Tata Steel: Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì Kan Ṣoṣo Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Púpọ̀

Ẹni tó bá ń ka ìtàn àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé á ti rí nǹkan kan tó máa ń da orí rú. Wọ́n á ní Viswanathan Anand ti ilẹ̀ Íńdíà wà lára àwọn tó ṣe ipò kìn-ín-ní ní Hoogovens lọ́dún 1989. Tó bá ṣí ojú ìwé kejì, wọ́n á ní òun kan náà ló gba Corus lọ́dún 2003. Wọ́n á ní Magnus Carlsen gba Tata Steel lọ́dún 2022. Ìwé tó bá ti gbó díẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ ìdíje Beverwijk. Bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó ń ta á gan-an bá jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọn kì í dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. "Wijk" ni wọ́n á sáà máa wí. Wọ́n á bi ara wọn bóyá wọ́n pè wọ́n sí Wijk lọ́dún yìí.

Orúkọ márùn-ún nìyẹn, ìdíje kan náà ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó parí. Nínú gbogbo ìdíje tí àwọn àgbà ń bá ara wọn ta lọ́dọọdún, kò sí èyí tí mo lè gbé ṣáájú rẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ ìtàn. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń pè é ní Wimbledon àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti tú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí palẹ̀ ni pé kí a gbójú kúrò lára àwọn tó ń ta ayò, kí a wo ẹni tó ń sanwó. Etí Òkun Àríwá, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Họ́láńdì, ni iléeṣẹ́ irin ńlá kan wà. Iléeṣẹ́ yẹn ló bí ìdíje yìí, òun náà ló ń tọ́ ọ dòní. Bí iléeṣẹ́ bá ti bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn, ìdíje náà á pààrọ̀ orúkọ.

Lọ́dún 1918 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní IJmuiden, níbi tí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láti Amsterdam ti já sínú òkun. Hoogovens ni wọ́n sọ ọ́, torí àwọn iná ìléru gàgàrà tí wọ́n fi ń yọ́ irin níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì tiwọn, bí òṣìṣẹ́ ibòmíràn ṣe máa ń ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1938, wọ́n gbé ìdíje kan kalẹ̀ ní Beverwijk, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀hún. Ẹni mẹ́rin péré ló wà ní ìsọ̀rí tó ga jù, ọmọ onílẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Philip Bakker ló gbégbá orókè. Lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó ti borí láti òkè wá sílẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Nẹ́dálándì lọ́dún 1940, ṣùgbọ́n ìdíje náà kò dúró. Max Euwe, tó ti jẹ ọba ṣẹ́ẹ̀sì gbogbo ayé láàárín ọdún 1935 sí 1937, gbà á lọ́dún 1940, ó tún gbà á lọ́dún 1942. Ọdún 1945 nìkan ni wọn kò ṣe é. Ìgbà òtútù yẹn ni ìyàn mú ní apá ìwọ̀ oòrùn Nẹ́dálándì débi pé àwọn èèyàn ń se iṣu òdòdó tulip jẹ. Ta ni yóò rántí ṣẹ́ẹ̀sì?

Ọdún kan ṣoṣo tí wọ́n fò yẹn ló ń da ìṣirò rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí a bá kà láti 1938 dé 2025, ọdún 88 ni yóò jẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹtàdínláàádọ́rùn-ún, ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kẹ 87, ni wọ́n pe ti ọdún 2025. Ìṣirò wọn pé. Ọdún 1945 ni ẹ yọ.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1946 ni àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹni mẹ́wàá ló ta á: mẹ́jọ jẹ́ ọmọ Nẹ́dálándì, Gösta Stoltz wá láti Sweden, Alberic O'Kelly de Galway sì wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Àlejò tó ti Bẹ́ljíọ̀mù wá yìí ló gbé ipò kìn-ín-ní lọ. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, oúnjẹ ṣì wọ́n, ìwọ̀n ni ìjọba fi ń pín in fún aráàlú. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ jókòó jẹun ìparí, ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé, oúnjẹ mẹ̀kúnnù, ni wọ́n rí gbé kalẹ̀. Bí nǹkan ṣe dẹrùn tán, tí owó dé, wọn kò pa á tì. Títí dòní, ọbẹ̀ ẹ̀wà yìí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àsè ìparí ìdíje náà, àwọn tó ń bọ̀ láti Íńdíà àti Ṣáínà sì ń lá a. Ọbẹ̀ náà kì í ṣe olómi ṣooro o. Àwọn ará Nẹ́dálándì ní bí ṣíbí kò bá lè dá dúró lóòró nínú rẹ̀, kò tíì jinná.

Láti ìgbà náà lọ, àwọn àlejò ń pọ̀ sí i. Wọ́n kúrò lórí ẹni mẹ́wàá, nígbà tó di 1963 wọ́n ti di 18. Tigran Petrosian, tó padà di ọba ayé, bá Bent Larsen ti Denmark pín ipò kìn-ín-ní lọ́dún 1960. Paul Keres dé, Boris Spassky dé. Mikhail Botvinnik tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù náà pín ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú Efim Geller lọ́dún 1969. Ìdíje òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin ti di ibi tí àwọn ará Soviet ń rán àwọn ògbólógbòó wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ Wijk wá ńkọ́?

Títí di 1967, Beverwijk ni wọ́n ti ń ta á. Lọ́dún 1968 ni wọ́n kó o lọ sí Wijk aan Zee, abúlé kékeré kan létí òkun gan-an. Viktor Korchnoi ló kọ́kọ́ gbà á níbẹ̀. Bí ìwé bá ti sọ pé ìdíje náà "kó kúrò ní Beverwijk lọ sí Wijk aan Zee," èèyàn á rò pé wọ́n gbé e gba ọ̀nà jíjìn ni. Rárá o. Kìlómítà díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Beverwijk ni abúlé náà sì wà. Kò tíì jìnnà sí iléeṣẹ́ tó bí i rí. Bí ẹ bá dúró sí etíkun níbẹ̀, ẹ ó rí èéfín iléeṣẹ́ irin ọ̀hún lókè. Gbogbo ará abúlé kọ́ ló sì ń dúpẹ́ fún un, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn nípa eruku dúdú tó ń bà lé fèrèsé wọn.

Kí ni àwọn àgbà ayò ń wá ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbá èèyàn lójú? Gbọ̀ngàn aráàlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní De Moriaan. Inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí, bí i ti ọdún 1938: ọ̀ta àti ọ̀kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ìsọ̀rí àwọn ọ̀gá wà lápá kan, wọ́n fi okùn pààlà síwájú wọn. Lápá kejì, tábìlì àwọn ará ilé lásán tò lọ bẹẹrẹ: tíṣà, oníṣòwò, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ilé ìwé. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti ta tirẹ̀ tán sójú pátákó, tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni kejì ló kù, ó lè dìde rọra lọ wo ohun tí ọba ṣẹ́ẹ̀sì gbogbo ayé ń ṣe lọ́wọ́, kó tó padà wá jókòó sídìí ìyà tirẹ̀.

Ibi tí ìdíje yìí ti yàtọ̀ sí ìyókù nìyẹn lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá ni wọ́n ń ṣe ní hótẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, ẹni mẹ́wàá péré, ilẹ̀kùn títì. Linares ti ilẹ̀ Sípéènì náà ti lókìkí rí, ọ̀pọ̀ ní òun ló le jù, ṣùgbọ́n nígbà tí owó tán lẹ́yìn 2010, ó kógbá wọlé. Wijk ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ará ilé wọ̀nyí kò kàn wá ṣeré. Ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń pín ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ṣe tó, ẹni tó bá sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìsọ̀rí rẹ̀ á gòkè sí èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àkàsọ̀ ni wọ́n tò yẹn, ó sì gùn dókè pátápátá.

A kò lè rí ẹni tó fi bí àkàsọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn ju Magnus Carlsen lọ. Láyé ìgbà yẹn, ìsọ̀rí àwọn ọ̀jẹ̀ pín sí mẹ́ta: A, B àti C. Lọ́dún 2004, ọmọ ọdún 13 ni Carlsen nígbà tó wá láti Nọ́wè, inú ìsọ̀rí C ni wọ́n fi í sí. Máàkì 10 ààbọ̀ ló gbà nínú 13. Lọ́dún 2006, òun àti Alexander Motylev ti Rọ́ṣíà jọ ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìsọ̀rí B. Ó di ìsọ̀rí A lọ́dún 2007, ibẹ̀ ni ojú ti já a. Nínú ayò 13, kò rí ẹyọ kan nà. Wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gba ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá rí i lọ́dún yẹn lè sọ pé ọmọdé ló jẹ̀bi, pé ó yára jù. Nígbà tó fi di 2008, ọmọ ọdún 17, òun àti Levon Aronian ti Àméníà ló jọ wà lókè. Láti ìgbà náà dé 2022, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ti gba Wijk. Kò sẹ́ni tó gbà á tó bẹ́ẹ̀ rí. Anand ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú márùn-ún.

Láti 2014, kò sí A, B, C mọ́. Méjì ló kù. Wọ́n ń pe èyí tó ga ní Masters, wọ́n sì ń pe èkejì ní Challengers. Ẹni tó bá gba Challengers, wọ́n á fún un láyè nínú Masters ọdún tó ń bọ̀. Torí náà bí ẹ bá rí orúkọ kan láàárín àwọn ọ̀ta tí ẹ kò gbọ́ rí, ẹ má rò pé ẹnì kan ló tì í wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkàsọ̀ ló gùn.

Irin pààrọ̀ olówó

Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn lábẹ́ orúkọ Hoogovens. Nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn, Hoogovens àti British Steel ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da iléeṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì sọ àdàpọ̀ náà ní Corus. Nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2000 dé, ìdíje Corus ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló sábà ń kó àṣìṣe bá àwọn tó ń kọ ìròyìn. Lọ́dún 2007, Tata Steel, iléeṣẹ́ irin ilẹ̀ Íńdíà, ra Corus pátápátá. Àwọn kan á wá kọ ọ́ pé Carlsen àti Aronian gba "Tata Steel 2008." Kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó tuntun ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Corus ṣì wà lára iléeṣẹ́ náà ní Yúróòpù títí di 2010. Ọdún 2011 ni ìdíje náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di Tata Steel, Hikaru Nakamura ti Amẹ́ríkà ló sì gbà á lọ́dún náà. Bí ẹ bá fẹ́ há a sórí: títí dé 1999, Hoogovens, láti 2000 dé 2010, Corus, láti 2011, Tata Steel. Ẹni tó bá sì pè é ní Wijk kò ṣì í sọ fún ọdún kankan láti 1968.

Àríyànjiyàn kan tún wà tó jẹ mọ́ Tata. Láti 2018, iléeṣẹ́ náà ń ṣe ìdíje mìíràn ní Kolkata ní Íńdíà, Tata Steel Chess India. Olówó kan náà ló ni ín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ọ̀ta kan náà sì ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ayò kíákíá ni wọ́n ń ta níbẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ti Nẹ́dálándì jẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì jókòó-pẹ́, níbi tí ayò kan lè gba wákàtí mẹ́fà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan "gba Tata Steel," ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: nínú oṣù wo, ní ìlú wo?

Bó ti wù kó jẹ́, mi ò lè sọ̀rọ̀ ọdún 1999 kí n má dúró díẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà, Garry Kasparov, ọba ayé nígbà náà, jókòó ti ọmọ ayò funfun síwájú Veselin Topalov ọmọ Bùlùgéríà. Ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlélógún, ó fi rúùkù rẹ̀ kan, ọmọ ayò tó lágbára gan-an, tọrẹ. Topalov gbà á. Ó lè má gbà á, àwọn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò sì sọ pé ìbá sàn fún un bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé Kasparov ti ṣì í ṣe. Nígbà náà ni rúùkù kejì ya wọ ààrin ilé rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọba dúdú lẹ́yìn èyí ni àwọn èèyàn ń tún wò títí dòní. Ibi tí ọba ti máa ń jókòó ní ṣẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀yìn, níbi tí àwọn yòókù á ti bò ó. Ọba Topalov wà ní igun ilé tirẹ̀, wọ́n ní kó jáde, ó jáde. Wọ́n lé e sọ́tùn-ún, ó yà sọ́tùn-ún. Wọ́n lé e síwájú, kò rí ibi méjì lọ. Ó gba etí pátákó sọ̀ kalẹ̀ wọ ilé ẹni tó ń lé e, ó kọjá láàárín ọmọ ayò funfun, títí tó fi dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọba funfun fúnra rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ náà ló jẹ́ pé dandan ni tàbí pé èyí tó kù burú jù ú lọ. Ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlélógójì, Topalov gbà pé ó ti tán. Kasparov gba ìdíje ọdún yẹn pẹ̀lú máàkì 10 nínú 13, ó tún gba ti 2000 àti 2001 tẹ̀ lé e. Ọdún 2013 ni Carlsen tó gba máàkì 10 bíi tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Masters máa ń ní ẹni 14. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á bá gbogbo àwọn tó kù ta lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ìpele 13 ló wà, ayò 91 lápapọ̀. Ẹni tó bá borí gba máàkì kan, ẹni tó bá pàdánù kò gba nǹkan, bí wọ́n bá gba ọ̀mì, ààbọ̀ ààbọ̀ ni. Kò sí pé wọ́n ń já ẹnì kan kúrò. Lẹ́ẹ̀méjì ni wọ́n gbìyànjú ìdíje àjákù, tí ẹni tí wọ́n bá nà á máa lọlé, ní 1993 àti 1995. Anatoly Karpov gba èkíní, Alexey Dreev gba èkejì, wọ́n sì padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Inú mi dùn pé wọ́n padà, torí ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè ba ayé ẹni tó wà lókè jẹ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ohunkóhun láti gbà.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń béèrè ìdí tí orúkọ méjì tàbí mẹ́ta fi wà fún ọdún kan nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó borí. Lọ́dún 1989, ẹni mẹ́rin ni wọ́n kọ: Anand, Predrag Nikolic, Zoltan Ribli àti Gyula Sax. Lọ́dún 2007, ẹni mẹ́ta ni: Aronian, Topalov àti Teimour Radjabov. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Láyé ìgbà náà, bí máàkì bá dọ́gba, wọ́n á jọ pín ipò kìn-ín-ní ni, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ta ayò blitz, ìyẹn ayò kíákíá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré fún, láti mọ ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ òfin tuntun yìí ti dun Anish Giri, ọmọ Nẹ́dálándì, ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́dún 2018 gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun àti Carlsen dọ́gba ní máàkì 9, Carlsen sì nà án nínú blitz. Ọdún 2021 tún dé. Àrùn Kòrónà ló wà lóde, wọ́n ti fagi lé Challengers àti ti àwọn ará ilé, Masters nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Giri tún dọ́gba, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú Jorden van Foreest, ọmọ Nẹ́dálándì bíi tirẹ̀. Wọ́n ta blitz, ọ̀mì. Wọ́n tún ta á, ọ̀mì. Ó wá ku èyí tí wọ́n ń pè ní Armageddon, níbi tí wọ́n ti ń fún funfun ní àkókò tó pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba ọ̀mì, dúdú ló borí. Van Foreest ló gbà á. Ọmọ Nẹ́dálándì kò tíì gba ìdíje yìí láti ìgbà Jan Timman lọ́dún 1985, ọdún 36 gbáko, torí náà gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń yọ̀. Ẹ fojú inú wo Giri láàárín ayọ̀ ọ̀hún.

Lọ́dún 2023, Nodirbek Abdusattorov, ọ̀dọ́ kan láti Uzbekistan, ló ń ṣáájú bọ̀ títí dé ìpele ìkẹyìn, Giri wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ máàkì. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Giri na Richard Rapport. Ẹni tó sì na Abdusattorov fún un ni Jorden van Foreest. Giri dá ipò kìn-ín-ní gbà, blitz kankan kò sí níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Ẹ lè rí àwòrán àwọn ọ̀ta yìí ní Rijksmuseum ní Amsterdam, tàbí nínú pápá bọ́ọ̀lù PSV ní Eindhoven, kí ẹ sì máa ṣe kàyéfì bóyá ìdíje mìíràn ni. Òun náà ni. Láti 2014, wọ́n ti máa ń gbé ìpele kan tàbí méjì jáde lọ sí ìlú mìíràn ní Nẹ́dálándì, kí àwọn ará ibẹ̀ náà lè rí wọn. Rijksmuseum jẹ́ ti 2014, pápá bọ́ọ̀lù jẹ́ ti 2020, ọdún tí Fabiano Caruana ti Amẹ́ríkà gbà á. Wọ́n a padà sí abúlé.

Ìdíje yìí kì í sọ ẹnikẹ́ni di ọba ṣẹ́ẹ̀sì gbogbo ayé. Ìyẹn jẹ́ ti FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, wọ́n sì ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà yan ẹni tó máa bá ọba du oyè, ẹni méjì ló sì ń dojú kọ ara wọn. Ní Wijk, wọ́n ń pè ọ́ ni, tàbí kí o gun àkàsọ̀ wá. Ọba lè wá síbẹ̀ kó sì pàdánù, oyè rẹ̀ kò mì.

Èyí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025. D. Gukesh ọmọ Íńdíà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọba ayé ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, wá síbẹ̀ pẹ̀lú oyè tuntun lórí. Lọ́dún 2024, ó ti bá ẹni mẹ́ta mìíràn dọ́gba, Wei Yi ti Ṣáínà sì nà án nínú blitz. Lọ́tẹ̀ yìí, òun àti R. Praggnanandhaa, ọmọ Íńdíà bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń ṣáájú nígbà tí ìpele ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Arjun Erigaisi, ọmọ Íńdíà kẹta, na Gukesh. Ó yẹ kí Praggnanandhaa wá kàn gba ọ̀mì kó sì kó ife lọ, ṣùgbọ́n Vincent Keymer ti Jámánì na òun náà. Àwọn méjèèjì pàdánù lọ́jọ́ kan náà, máàkì 8 ààbọ̀ sì ni wọ́n jọ parí sí. Nínú blitz, Gukesh gba èkíní, Praggnanandhaa gba èkejì, ó tún gba ẹ̀kẹta. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí fún ọdún náà. Ní tábìlì Challengers, Thai Dai Van Nguyen ló borí, ó sì fi ìyẹn gba àyè sínú Masters ọdún 2026.